Bá Mi Wo Ọkọ̀ Mi: Apá Òkè Tuntun fún Chevelle 1970

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo ń gbé, Chevelle 1970 sì ni mo fi ń jayé lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní páwà sítíárìn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò sì níṣòro. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ń sá máìlì 60 ní wákàtí kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í yà kiri, mi ò lè gbọ́wọ́ kúrò lára sítíárìn. Mo ti ra upper control arm (apá òkè tó so táyà iwájú mọ́ férémù ọkọ̀) tó ṣeé mú gùn tàbí kúrú. Ọ̀rẹ́ mi tó ní Mustang 1966 sọ pé dandan ni kí n kọ́kọ́ fún sípíríǹgì pọ̀, àti pé tí mo bá ti dè é tán, mi ò nílò àláìnmẹ́ǹtì (títo táyà kó lè kọjú síbi tó yẹ) mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, lórí ọ̀rọ̀ sípíríǹgì, ọ̀rẹ́ rẹ ò parọ́ nípa ọkọ̀ tirẹ̀. Orí apá òkè ni sípíríǹgì Mustang ìgbà yẹn jókòó sí. Ti Chevelle yàtọ̀: àárín apá ìsàlẹ̀ àti férémù ló wà, o ò sì ní yọ ọ́ rárá. Àmọ́ bọ́ọ̀lù jọ́ìnt òkè, oríkèé tó so apá òkè mọ́ irin tó gbé táyà, wà lára ohun tó di apá ìsàlẹ̀ mú. Tó o bá tú u tí jáàkì ò sí lábẹ́ apá ìsàlẹ̀, sípíríǹgì yẹn lè fò jáde, ó sì lè pa èèyàn. Gbé férémù sórí sítáǹdì, ki jáàkì sábẹ́ apá ìsàlẹ̀ níbi tó ti sún mọ́ bọ́ọ̀lù jọ́ìnt jù, kó sì wà níbẹ̀ títí apá tuntun á fi wọlé tán. Má gbẹ́kẹ̀ lé sọ́ọ̀kì pé á dì í mú. Mo bẹ̀ ọ́, ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Kó o tó tú nǹkan kan, gbé ọkọ̀ sórí ráǹpù, kí ẹnì kan jókòó sínú rẹ̀ kó máa yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ìwọ máa wo idler arm àti tie rod, àwọn irin tó ń gbé yíyí sítíárìn dé ọ̀dọ̀ táyà. Èyí tó bá ń jó kí táyà tó yí, ó ti jẹ nìyẹn, òun ni kó o kọ́kọ́ pààrọ̀. Apá olówó ńlá ò lè wo idler arm tó ti jẹ sàn, owó àwọn èèyàn sì ti ṣòfò sí ibẹ̀ gan-an.

Tí gbogbo ìyẹn bá dáa, caster ni mo fura sí, ìyẹn bí ibi tí táyà ti ń yí ṣe rọ̀gbọ̀kú láti òkè. Táyà bias-ply, oríṣi táyà àtijọ́, ni wọ́n ṣe ọkọ̀ yẹn fún, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi caster rẹ̀ sí nítòsí òdo. Radial, oríṣi táyà òde òní, lò ń lò báyìí, ó sì fẹ́ kó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wo ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ ológeere bó ṣe rọ̀gbọ̀kú sẹ́yìn láti òkè. Òun ló ń jẹ́ kó máa lọ tààrà. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe fẹ́ kí bọ́ọ̀lù jọ́ìnt òkè wà lẹ́yìn ti ìsàlẹ̀. Apá àtijọ́ lè ṣe é díẹ̀, tó o bá ń ki irin pẹlẹbẹ, shim, sí ẹ̀yìn bóòtù tó wà lápá ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n wọ́n á pọ̀ débi tí nọ́ọ̀tù ò ní rí ojú bóòtù jẹ mọ́. Ibí yìí ni apá tó o rà ti wúlò. Tó bá jẹ́ oríṣi tó ní ẹsẹ̀ méjì tí à ń yí, mú ẹsẹ̀ iwájú gùn, mú ti ẹ̀yìn kúrú, bọ́ọ̀lù jọ́ìnt á sún sẹ́yìn.

Ka shim tó wà níbẹ̀, ya fọ́tò wọn kó o tó tú u. Dẹ nọ́ọ̀tù bọ́ọ̀lù jọ́ìnt, ṣùgbọ́n má yọ ọ́ tán. Fi òòlù gbá ẹ̀gbẹ́ spindle, irin tó gbé táyà, níbi tí ẹsẹ̀ jọ́ìnt gbà wọlé. Wàá gbọ́ “pàá!”, ó ti já nìyẹn. Fi wáyà so spindle mọ́ férémù kó má bàa fa rọ́bà bíréèkì. Nígbà tó o bá ń dè é padà, tí ihò kọ́tà pìnnì (pìnnì tó ń ti nọ́ọ̀tù pa) ò bá ṣe déédéé, má dẹ nọ́ọ̀tù sẹ́yìn láé. Fún un síwájú títí ihò á fi bára mu. Tí búṣìn (ohun tó wà ní ìdí apá níbi tó ti ń yí) rẹ̀ bá jẹ́ rọ́bà, má fún nọ́ọ̀tù orí rẹ̀ pa àfìgbà tí ọkọ̀ bá ti fi gbogbo ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀. Àìjẹ́bẹ́ẹ̀ rọ́bà náà á lọ́ pọ̀, á sì ya kíákíá. Yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, wò ó bóyá táyà ń ha fẹ́ńdà.

Ti àláìnmẹ́ǹtì, irọ́ gbáà ni. Bí caster àti camber (bí orí táyà ṣe tẹ̀ sínú tàbí síta) bá ti yí, toe (bí iwájú táyà méjèèjì ṣe kọjú síra) náà ti yí. Wakọ̀ jẹ́jẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe àláìnmẹ́ǹtì, má gba ọ̀nà ńlá. Kọ iye tó o fẹ́ sínú pépà dání, torí kọ̀ǹpútà wọn á gbé iye ti ọdún 1970 jáde, wọ́n á sì fẹ́ dá a padà síbẹ̀. Èmi a máa fi caster sí digírì 4 sí 5 positive (sẹ́yìn láti òkè) fún ọkọ̀ tó ní páwà. Tí kò bá ní, 2 sí 3 ti tó, kí sítíárìn má bàa le jù. Camber, ìdajì digírì negative (orí táyà tẹ̀ sínú). Toe-in (iwájú táyà sún mọ́ra ju ẹ̀yìn lọ), 1/16 sí 1/8 íǹṣì, òun ni kí wọ́n sì ṣe kẹ́yìn. Kó o tó kúrò níbẹ̀, fọwọ́ ara rẹ kan àwọn nọ́ọ̀tù tó ti ẹsẹ̀ apá náà pa, kó o sì tún wò wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.