Ẹ̀ka ni kẹ́ ẹ ṣẹ́, ewé kan ò tó

Ẹ ní kí wọ́n bá yín mọ orúkọ igi tó hù lẹ́yìnkùlé yín ní Àpáta n'Ìbàdàn, ewé kan ṣoṣo lẹ wá tẹ́ sórí tábìlì tẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ó ṣòro kéèyàn dáhùn. Ewé tí wọ́n bá ti já, ohun tó wúlò jù lára rẹ̀ ti lọ, ìyẹn bó ṣe jókòó sára ẹ̀ka. Ẹ padà lọ ṣẹ́ ẹ̀ka tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ sí ọwọ́, kí ọ̀mùnú ṣì wà lórí rẹ̀. Tó bá ní òdòdó tàbí èso, ẹ mú un mọ́ ọn.

Ibi tí ewé ti so mọ́ igi lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ewé gidi máa ń ní èéhù kékeré lábíyá, níbi tí ọrùn rẹ̀ ti kan ẹ̀ka. Tí kò bá sí èéhù níbẹ̀, ẹ̀yà ewé, ìyẹn apá kan lára ewé ńlá, lẹ mú dání. Dóńgóyárò ló ń tan èèyàn jù: èyí tí gbogbo wa ń pè ní ewé rẹ̀, ẹ̀yà lásán ni, gbogbo ọ̀pá gígùn tí wọ́n tò sí lọ́tùn-ún lósì ló jẹ́ ewé kan. Ìyeyè náà rí bẹ́ẹ̀. Etí dóńgóyárò ní eyín, ẹ̀yà rẹ̀ sì tẹ̀ bíi dòjé. Ẹ gbé ti ìyeyè sókè kọjú sí oòrùn: iṣan tín-ínrín kan wà tó ń bá etí rẹ̀ lọ láti ìdí dé orí, gbogbo iṣan tó ti àárín wá ló ń já sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí iṣan yẹn lẹ́ẹ̀kan ò ní ṣi ìyeyè mú mọ́. Bẹ́ ẹ bá ti ń gbé ewé sóòrùn, ẹ gbé ti ọsàn náà wò, ẹ máa rí àmì tótòtó níbi tí òróró rẹ̀ wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bí ewé ṣe tò sára ẹ̀ka. Ti gúáfà ń hù ní méjì-méjì, wọ́n kọjú síra. Ti máńgòrò ń hù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣù jọ sí orí ẹ̀ka. Àwọn kan yí ẹ̀ka ká lójú kan náà, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Ahùn àti asofẹ́yẹjẹ, méjèèjì ló yí ẹ̀ka ká, méjèèjì ló ń ṣe oje funfun, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń se ahùn fún ibà. Asofẹ́yẹjẹ ń já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, àṣìmu rẹ̀ kì í ṣe eré. Ẹ ka ewé ojú kan: ti asofẹ́yẹjẹ sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta sí márùn-ún, àárín rẹ̀ ló fẹ̀ jù, ṣóńṣó rẹ̀ mú. Ti ahùn jẹ́ márùn-ún sí mẹ́jọ, apá orí rẹ̀ ló fẹ̀ jù. Tó bá jẹ́ márùn-ún lẹ kà, ẹ dúró de èso: ti asofẹ́yẹjẹ pupa, ó rí róbótó, ti ahùn gùn tín-ínrín, ó ń rọ̀ sílẹ̀. Ẹ má fi ẹnu tọ́ ewé tẹ́ ẹ ò mọ̀ wò, ẹ má sì fi ọwọ́ tí oje wà nu ojú.

Ọwọ́ àti imú ṣe pàtàkì ju ojú lọ nígbà mìíràn. Ewé eépín le débi pé wọ́n fi ń ha igi. Ẹ rún ọ̀mùnú tíìkì láàárín ìka, ọwọ́ yín á pọ́n. Ti mẹlínà ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Èfìnrín ní òórùn tirẹ̀, igi rẹ̀ sì ní igun mẹ́rin. Ewé Akíntọ́lá ní iṣan mẹ́ta tó là láti ìdí.

Àwọ̀ àti ìtóbi, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ewé máńgòrò tuntun máa ń pọ́n, èyí tó wà lábẹ́ ìbòji sì máa ń tóbi ju ti inú oòrùn lọ. Ìrókò tiẹ̀ burú jù: etí ewé ọmọ rẹ̀ ní eyín, ara rẹ̀ ṣe gbágungbàgun, àmọ́ ti àgbà igi máa ń dán. Ẹni tó bá fi ọ̀kan wá èkejì á ní igi ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ tẹ ẹ̀ka náà sáàárín ìwé ìròyìn, kí ewé kan dojú bolẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè hàn, kẹ́ ẹ fi páálí àti bíríkì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ìwé lójoojúmọ́ títí á fi gbẹ. Nígbà òjò, ẹni tó bá fi ọjọ́ méjì gbàgbé rẹ̀ á bá a tó ti hu funfun tàbí tó ti dúdú. Ọ̀dúndún àti àbámodá, ẹ kọ́kọ́ rì wọ́n bọ omi gbígbóná díẹ̀, nítorí àbámodá lè máa hu ọmọ lábẹ́ bíríkì. Ẹ kọ ọjọ́, ibi tẹ́ ẹ ti ṣẹ́ ẹ, bí igi náà ṣe ga tó, àwọ̀ òdòdó àti àwọ̀ oje sí i lára lójú ẹsẹ̀, torí wọn ò ní hàn mọ́ tó bá gbẹ. Irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ lẹ lè gbé lọ sí FRIN, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí igbó, ní Jẹ́ríkò n'Ìbàdàn, níbi tí wọ́n kó ewé gbígbẹ jọ sí, kí wọ́n fi wé tiwọn. Ẹlẹ́wé ọmọ ní ọjà Bódè náà mọ orúkọ dáadáa, àmọ́ ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má já ewé kúrò lára ẹ̀ka fún yín.