Ọkọ̀ Bedford tí kò ní imú

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, bàbá mi fi Bedford TK kó ẹja láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Níbo ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí kò ní imú yìí wà?

Ìdáhùn: Inú mi dùn sí ìbéèrè yín, nítorí èmi náà wa irú rẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Nígbà tí Bedford gbé TK jáde ní 1960, ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀ ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sí, kí ooru rẹ̀ má baà máa jó awakọ̀ lẹ́sẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú èyí tó ṣáájú rẹ̀. Mẹkáníìkì kàn ń ṣí ìdérí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni. Bí a bá ń yà nínú ọjà tó há, a ń rí ilẹ̀ iwájú wa kedere, àmọ́ kò sí kòtò tí a kì í fi ìdí mọ̀.