Ṣé lóòótọ́ ni ìrìn obìnrin yàtọ̀ sí ti ọkùnrin?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó yàtọ̀ díẹ̀: ìṣísẹ̀ obìnrin sábà máa ń kúrú, ó sì máa ń yá, ìbàdí rẹ̀ a sì máa mì ju ti ọkùnrin lọ. Gíga ara àti egungun ìbàdí obìnrin tó fẹ̀ ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ obìnrin tó ga lè ṣísẹ̀ gígùn ju ọkùnrin kúkúrú lọ. Ẹrù tí èèyàn rù pẹ̀lú ń yí ìrìn padà: wo ẹni tó fi òṣùká ru igbá bọ̀ láti Ọjà Ọba n'Ílọrin, orí rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. Ìrìn tó dára fún ara kò yàtọ̀ fún takọtabo: kí ojú wo iwájú, kí èjìká rọ̀, kí gìgísẹ̀ kọ́kọ́ kanlẹ̀, kí apá méjèèjì sì máa fì.