Fúláàṣì tí kì í yọjú fúnra rẹ̀ lórí Linux

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Linux ni mo ń lò. GNOME ni desktop mi tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti kó lọ sí Xfce torí pé òun kò wúwo. Láti ìgbà náà, bí mo bá ki fúláàṣì bọ ihò USB, n kì í rí nǹkan kan. Àfi kí n ṣí terminal kí n fi sudo mount so ó mọ́ fódà, síbẹ̀ n kì í lè kọ nǹkan sínú rẹ̀, torí kọ̀ǹpútà á ní root, ọ̀gá àgbà inú Linux, ló ni ín. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ òfin udev. Mo kọ ọ́, kò ṣiṣẹ́. Mo tún ní háàdì díìsìkì alágbèéká kan tí mo ń kó ẹ̀dà àwọn fáìlì mi sí, mo sì fẹ́ kó máa wà lójú kan náà nígbà gbogbo. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìnira rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yín ò bàjẹ́, fúláàṣì yín náà ò sì lárùn kankan. Bí ẹ bá lè fọwọ́ ara yín so ó mọ́ fódà, a jẹ́ pé kernel, ọkàn Linux gan-an, ti rí i nìyẹn. Ẹni tó yẹ kó máa bá yín so ó ni kò sí níbẹ̀. GNOME ní tirẹ̀, ẹ sì ti fi í sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà tí fúláàṣì ń gbà wọlé, nítorí ẹni tó bá mọ ọ̀nà náà á mọ ibi tó ti já. Kernel ló kọ́kọ́ ń rí i, á sì fún un lórúkọ, bíi /dev/sdb. Apá tí fáìlì wà lórí rẹ̀ á máa jẹ́ /dev/sdb1. Lẹ́yìn náà ni udev á yẹ̀ ẹ́ wò láti mọ irú ètò fáìlì tó wà lórí rẹ̀, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ tí à ń pè ní UUID. Udisks2 tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ á wá gba ìròyìn náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú: udisks2 lágbára láti so fúláàṣì mọ́ fódà, ṣùgbọ́n kì í ṣe é láìjẹ́ pé wọ́n rán an. Ó ń retí kí ohun kan nínú desktop yín sọ fún un pé kó so ó. Lórí GNOME, desktop fúnra rẹ̀ ló ń rán an níṣẹ́. Lórí Xfce, thunar-volman ni, ètò kékeré tó ń bá Thunar tó ń ṣí fódà ṣiṣẹ́. Níbi tí kò bá ti sí ẹni tó máa rán an, udisks2 á jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó fọwọ́ kan ètò kankan. Ẹ ki fúláàṣì bọ ihò, kí ẹ wá tẹ èyí àkọ́kọ́:

lsblk -f

Ẹ óò rí ìlà kan tó fara jọ èyí:

sdb1 exfat 1.0 ISE 5E2A-91C7

Exfat ni ètò fáìlì tó wà lórí rẹ̀, ISE ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, 5E2A-91C7 sì ni UUID rẹ̀. Òpin ìlà yẹn ló yẹ kí orúkọ fódà tí wọ́n so ó mọ́ wà. Bó bá ṣófo, wọn ò tíì so ó. Ẹ wá tẹ èyí, ẹ má fi sudo ṣíwájú rẹ̀ rárá:

udisksctl mount -b /dev/sdb1

Bó bá dáhùn pé òun ti so ó mọ́ /run/media, tàbí /media bó bá jẹ́ Debian tàbí Ubuntu lẹ ń lò, tí orúkọ yín sì tẹ̀ lé e, gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ ló pé, ó ku ti desktop nìkan. Bó bá ní àfi kí ẹ mú pásíwọọ̀dù wá, ọ̀rọ̀ ti di ti polkit, ètò tó ń pinnu ẹni tó láṣẹ láti ṣe nǹkan lórí kọ̀ǹpútà. Polkit máa ń gbà kí ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà so fúláàṣì láìbéèrè pásíwọọ̀dù, ṣùgbọ́n kì í gbà fún ẹni tó bá fi SSH wọlé láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, tàbí ẹni tí systemd, ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ àwọn ètò yòókù tó sì ń darí wọn, ò kà sí ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn bẹ̀rẹ̀ desktop láìgba ojú ìwọlé tó yẹ kọjá. Ẹ tẹ loginctl show-session $XDG_SESSION_ID -p Active. Yes ló yẹ kó dáhùn.

Bí ẹ ṣe ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yín, mo gbà pé thunar-volman ló kù. Ẹ rí i pé thunar-volman, gvfs (tí Thunar ń gbà rí díìsìkì) àti udisks2 wà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣí Thunar, ẹ lọ sí Preferences, kí ẹ fi àmì sí Enable Volume Management lábẹ́ Advanced. Ẹ wọ ojú ètò tó wà fún fúláàṣì àti díìsìkì, kí ẹ fi àmì sí èyí tó sọ pé kó máa so wọ́n bí ẹ bá ti kì wọ́n bọ ihò. Thunar tún gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ kó tó lè gbọ́ pé nǹkan wọlé. Bí Xfce yín ò bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ fi thunar --daemon sára àwọn ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá wọlé. Àwọn tí kò lo desktop kankan, tó jẹ́ olùdarí fèrèsé lásán ni wọ́n ń lò, udiskie ni kí wọ́n fi sípò thunar-volman. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò, pàápàá bó bá jẹ́ Debian tí ẹ fi fúláàṣì gbé sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣí /etc/fstab, fáìlì tí wọ́n ń kọ fódà tí wọ́n á so díìsìkì kọ̀ọ̀kan mọ́ sí. Ètò tó gbé Debian sórí kọ̀ǹpútà lè ti fi ìlà kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú /dev/sdb1, tó sì dárúkọ /media/usb0. Fúláàṣì tí wọ́n fi gbé e sí i nígbà náà ni ìlà yẹn wà fún, ṣùgbọ́n gbogbo fúláàṣì tó bá wá jẹ́ sdb1 lẹ́yìn rẹ̀ ló ń bọ́ sábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Udisks2 máa ń bọ̀wọ̀ fún fstab, nítorí náà ohun tí ìlà àtijọ́ yẹn bá wí ni yóò tẹ̀ lé. Ẹ fi # síwájú rẹ̀ kó má bàa ṣiṣẹ́ mọ́. Mo ti rí ẹni tó tún gbogbo kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe látòkèdélẹ̀ nítorí ìlà kan ṣoṣo yìí.

Ní ti pé root ló ni fáìlì yín: FAT32 àti exFAT kì í kọ orúkọ ẹni tó ni fáìlì sílẹ̀. Ẹni tó bá so díìsìkì náà ni Linux ń kà sí olówó gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, root ni sudo mount sì fi ń ṣiṣẹ́. Bí udisks2 bá so ó fún yín, á fi tiyín sí i, ìṣòro náà á sì tán. Ext4 yàtọ̀. Òun máa ń kọ nọ́ńbà olówó sórí díìsìkì gan-an, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fi ọwọ́ root ṣe ext4 sórí fúláàṣì, root lá máa jẹ́ olówó rẹ̀, ẹni yòówù tó so ó. Ẹ lo sudo chown lẹ́ẹ̀kan sórí fódà tí wọ́n so ó mọ́, ó parí.

Ọ̀rẹ́ yín tó ní kí ẹ kọ òfin udev kò fẹ́ ṣì yín lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí systemd bá wà, udev ní àyè tirẹ̀ tó dá wà, ohun tó bá so níbẹ̀ kì í hàn síta. Òfin yín lè ti ṣiṣẹ́ kí ẹ̀yin má rí i. Udev tún máa ń pa ètò tó bá ti ara òfin jáde tó sì ń pẹ́ jù. Lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní desktop, ó ṣeé ṣe kí òfin udev pe systemd-mount. Lórí tiyín, ẹ pa òfin náà rẹ́, kó má baà bá thunar-volman du iṣẹ́.

Háàdì díìsìkì tí ẹ ń kó ẹ̀dà sí ni fstab dára fún, nítorí òun nílò ojú kan pàtó. Ẹ má fi /dev/sdb1 pè é, torí orúkọ yẹn ń yí padà gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹ bá kọ́kọ́ kì bọ ihò. UUID rẹ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ ṣe fódà /mnt/ipamo, kí ẹ wá kọ ìlà yìí, kí ẹ fi UUID tí lsblk -f fi hàn yín síbẹ̀:

UUID=... /mnt/ipamo ext4 nofail,x-systemd.automount,x-systemd.device-timeout=5,x-systemd.idle-timeout=60 0 2

Nofail ni mo bẹ̀ yín kí ẹ má gbàgbé. Láìsí i, ọjọ́ tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà láìfi díìsìkì náà sí i, systemd á dúró dè é fún 90 ìṣẹ́jú àáyá, lẹ́yìn náà á gbé yín sójú dúdú tó ti ń béèrè pásíwọọ̀dù root, ẹ̀rù á sì bà yín pé kọ̀ǹpútà ti kú. Automount ló ń jẹ́ kó so ó nígbà tí nǹkan bá kọ́kọ́ fẹ́ wo inú fódà náà. Idle-timeout á tú u sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú kan bá kọjá tí ẹnikẹ́ni ò lò ó. Ẹ tẹ sudo systemctl daemon-reload, kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn.

Mo fẹ́ràn automount yìí fún iṣẹ́ ẹ̀dà nítorí ewu kan tí kì í hàn. Bí ẹ bá lo fódà lásán, tí díìsìkì ò sí nílé, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà á rí fódà tó ṣófo, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó fáìlì sínú rẹ̀. Orí díìsìkì inú kọ̀ǹpútà lẹ̀dà ń lọ, àyè ibẹ̀ á kún, ẹ̀yin á sì máa rò pé ẹ ní ẹ̀dà níta. Pẹ̀lú automount, bí díìsìkì ò bá sí, àṣìṣe ni ètò náà á bá pàdé, á sì dúró. Síbẹ̀, ẹ fi findmnt -t ext4 /mnt/ipamo sínú ètò yín láti yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn tí ètò náà bá ti kọ́kọ́ wo inú /mnt/ipamo.

Nínú ojú ètò Xfce kan náà, ẹ óò rí àwọn àmì tó ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣí fáìlì tàbí kó máa bẹ̀rẹ̀ ètò tó bá bá lórí fúláàṣì. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Kí kọ̀ǹpútà so fúláàṣì jẹ́ ọ̀tọ̀, kó ṣe ohun tí fúláàṣì bá pa láṣẹ jẹ́ ọ̀tọ̀. Ọ̀kan lára ọ̀nà tí kòkòrò Conficker fi tàn kálẹ̀ lórí Windows láti 2008 ni fáìlì autorun.inf lórí fúláàṣì, ìgbà tó sì di oṣù kejì 2011 ni Microsoft fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí XP àti Vista láti dá a dúró. Udisks2 fúnra rẹ̀ máa ń fi nosuid àti nodev sí ohun tó bá so, èyí tó dí ojú ọ̀nà méjì tí fúláàṣì lè gbà gbé ara rẹ̀ dé ipò root. Lórí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ àjèjì ń ki fúláàṣì bọ̀, kí ẹ pa síso fúnra rẹ̀ pàápàá ni mo máa gbà yín níyànjú.

Bí ẹ bá fẹ́ yọ fúláàṣì, ẹ má wo ti pé àdàkọ ti parí lójú yín. Linux máa ń kó nǹkan sínú ìrántí ná, kó tó rọra kọ ọ́ sórí fúláàṣì, nítorí náà fáìlì ńlá lè ṣì wà lójú ọ̀nà. Ẹ tẹ udisksctl unmount -b /dev/sdb1, ẹ dúró kó dáhùn, kí ẹ tó tẹ udisksctl power-off -b /dev/sdb. Bó bá ní nǹkan ṣì ń lò ó, fuser -vm pẹ̀lú orúkọ fódà náà á fi ètò tó dì í mú hàn yín. Lọ́pọ̀ ìgbà, terminal tí ẹ fi cd wọ inú rẹ̀ ni.