"Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé": ṣé òwe yìí bá ìyà tí ECOWAS fi jẹ Niger mu?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ "ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé" gan-an? Mo gbọ́ tí ẹnì kan pa á nígbà tó ń gbè sẹ́yìn ìjẹníyà tí ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, gbé lé orílẹ̀-èdè Niger. Ó ní ìka tó ṣẹ̀ ni wọ́n gé. Ṣé ó pa òwe náà síbi tó yẹ?

Ìdáhùn: Rárá o, kò pa á síbi tó yẹ. Òwe ìdájọ́ ni, orí "tó ṣẹ̀" ló sì dúró lé. Ìka márùn-ún ló wà lọ́wọ́ kan. Bí ọ̀kan bá ṣẹ̀, ọba kò gbọdọ̀ gé ọwọ́ láti ọrùn ọwọ́ wá. Ìgbà tí bàbá bá fẹ́ na gbogbo ọmọ ilé nítorí ẹran tí ọ̀kan jí jẹ nínú ìkòkò la máa ń pa á fún un. Ó tún ní apá kejì tí àwọn èèyàn kì í kà sí: èyí tó ṣẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ lọ láìgé, kódà kó jẹ́ àtàǹpàkò.

Ẹ wá wo Niger. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ààrẹ, tí Ọ̀gágun Abdourahamane Tiani jẹ́ olórí wọn, sé Mohamed Bazoum tí aráàlú dìbò yàn mọ́lé. Lọ́jọ́ 30, àwọn olórí ECOWAS pàdé ní Àbújá. Wọ́n ti ẹnubodè, wọ́n dá káràkátà dúró, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé owó ìjọba Niger tó wà ní báńkì àpapọ̀. Nàìjíríà já iná tó ń lọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 iná tí Niger ń lò nígbà náà, ọ̀dọ̀ wa ló ti ń wá. Ẹyọ kan wà láàárín gbogbo rẹ̀ tó bá òwe mu: wọ́n ní àwọn ológun tó gbàjọba àti ẹbí wọn kò gbọdọ̀ rìnrìn àjò, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé owó wọn. Ìka tó ṣẹ̀ nìyẹn. Nínú èyí tó kù, odindi ọwọ́ ni wọ́n gbé abẹ lé.

Afárá orí Odò Ọya ló so Malanville ní ilẹ̀ Benin pọ̀ mọ́ Gaya ní Niger. Ibẹ̀ ni ẹrù tó bá gúnlẹ̀ sí èbúté Kùtọnu ń gbà dé Niamey tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n tì í, tírélà tò lọ rẹrẹẹrẹ, awakọ̀ ń dáná lábẹ́ ọkọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sùn. Ẹni tó bá lówó díẹ̀ lọ́wọ́ ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi onígi kó lè sọdá. Alùbọ́sà kì í dúró de ìpàdé àwọn olórí. Tó bá ti móoru nínú àpò, á bẹ̀rẹ̀ sí í hù, lẹ́yìn náà á rà. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pe èyí ní ìka gígé.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àwọn baba wa náà ní àṣà tí wọ́n fi ń fìyà ẹnì kan jẹ gbogbo agboolé. Dógò ni wọ́n ń pè é. Bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san, olówó á lọ bá àwọn aláṣẹ ìlú, wọ́n á sì yan ológò fún un. Ọ̀dájú èèyàn ni wọ́n ń yàn síṣẹ́ náà. Á wọ agboolé onígbèsè, á nà gbalaja sẹ́nu ọ̀nà, á máa pariwo, á máa bú wọn. Adìyẹ tó bá kọ́kọ́ kọjá níwájú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti onígbèsè, ìbáà jẹ́ ti ìyàwó àbúrò rẹ̀, á pa á, á ní kí wọ́n sè é fún òun. Nígbà tí ara bá kan gbogbo ilé, wọ́n á dojú kọ onígbèsè pé kó lọ wá owó olówó kí ẹni yìí lè kúrò lọ́rùn àwọn.

Dógò ni ECOWAS lọ dó ti Niger. Ṣùgbọ́n ìdí tí dógò fi ń ṣiṣẹ́ ni pé onígbèsè ń gbé inú agboolé yẹn. Ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò láràárọ̀, baálé sì lè pè é kó wá jókòó. Tiani kò bá obìnrin tó ń ta alùbọ́sà ní Gaya gbé. Ìbọn ló gbé e dé ibi tó wà, ta ni yóò wọlé tọ̀ ọ́ pé kó gbé ìjọba sílẹ̀? Kàkà kí wọ́n dojú kọ ọ́, èrò rọ́ jáde ní Niamey láti gbè é lẹ́yìn, torí lójú wọn, àlejò ló wá na ará ilé wọn.

Owó ìrànwọ́ tí àwọn ilẹ̀ òkèèrè ń fún Niger náà kò yàtọ̀. Òkè lọwọ́ afúnni ń gbé, ó sì lè ká a kò nígbà tó bá wù ú. European Union dá owó tó ń fún ìjọba Niger dúró láàárín ọjọ́ díẹ̀, Amẹ́ríkà náà ká ọwọ́ tirẹ̀ kò, Tiani kò mì.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kíká kò yìí ti ṣiṣẹ́ rí nítòsí wa. Ní ọdún 1989, àpò ìjọba Mathieu Kérékou gbẹ ní ilẹ̀ Benin. Báńkì ìjọba dẹnu kọlẹ̀, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ kò rí owó oṣù gbà fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tú síta. Faransé àti àwọn ayánilówó ní àwọn kò ní yọ owó àfi tí nǹkan bá yí padà. Kérékou pe àpérò gbogbo ìlú ní Kùtọnu ní oṣù Kejì ọdún 1990, àpérò náà gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbà. Ní 1991, Nicéphore Soglo fi ìbò lé e kúrò. Inú agboolé ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ohun tí àlejò ṣe ni pé kò fún baálé lówó tí yóò fi di etí.

Ní ti Niger, ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2024 ni ECOWAS kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìjẹníyà náà kúrò. Nígbà yẹn, Mali, Burkina Faso àti Niger ti kéde ní oṣù tó ṣáájú pé àwọn ń fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Benin ṣí ojú afárá tirẹ̀, Niger kọ̀, kò ṣí tirẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n búra fún Tiani gẹ́gẹ́ bí ààrẹ ọlọ́dún márùn-ún. Àhámọ́ ni Bazoum wà lọ́jọ́ náà, òun àti ìyàwó rẹ̀.