Ṣé fèrè tí wọ́n fi ń pe kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lè gba adìẹ mi là?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Ọdẹ, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń sin adìẹ lójú ọ̀nà Ìgbátòrò, lẹ́yìn Àkúrẹ́. Ẹran kan ń wọlé lóru, ó ń pa wọ́n. Àbúrò mi tó wà ní England fi fídíò kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp: òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ òyìnbó dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ oko àgùntàn, wọ́n fi nǹkan pẹlẹbẹ kan sẹ́nu fọn, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì sáré wá bá wọn. Ó ní òun máa fi fèrè náà ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó ń ké bí ehoro àti ìrù onírun tó ń jó lórí igi. Ọkọ mi ní ká gbà á. Kí lẹ rí sí i? — Ìyá Aládìẹ, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Ìyá Aládìẹ, ẹ kú ìrójú. Ẹ sọ fún àbúrò yín pé kó fi owó fèrè yẹn ra nẹ́ẹ̀tì wáyà fún yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ọkọ yín má baà ní bàbá arúgbó yìí ń jowú nǹkan òyìnbó.

Kò sí irọ́ nínú ohun tí ẹ rí. Fèrè náà kò ju bọ́tìnnì ńlá lọ: páànù tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, ihò kan láàárín. Wọ́n á fi sáàárín ètè àti eyín, wọ́n á gba èémí inú ihò yẹn, á sì máa ké bí ehoro tí nǹkan ti mú lẹ́sẹ̀. Ẹni tí kò ní fèrè á fi ètè fa ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀ mu, á dún bí ọmọ eku. Ẹ dán an wò báyìí, ológbò ilé yín á gbórí sókè. Etí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mú débi pé ó ń gbọ́ ìrìn eku lábẹ́ yìnyín, nítorí náà bó bá ti gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ló gbọ́.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ju fífọn lọ. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kì í fi gbogbo ara gba etí rẹ̀ gbọ́. Á yí po, á gba ìhà tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, kí imú rẹ̀ lè bá a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ọdẹ tí kò wo atẹ́gùn kó tó jókòó, òórùn ara rẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́ sí ẹran. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ tó ń ké jìnnà sí ara wọn, tí wọ́n sì ń ri igi onírun yẹn mọ́lẹ̀ nítòsí rẹ̀: kí ojú ẹran wà níbẹ̀, kó má wà lára ẹni tó gbé ìbọn. Bó bá ti ń bọ̀, wọ́n á dákẹ́. Èyí tí wọ́n bá yìn tí wọn ò bá, ó ti gbọ́n nìyẹn. Ẹ máa fọn fèrè títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní yọjú. Àwọn ọmọ ọdún náà ló máa ń kó sí i jù, àwọn tí wọ́n bí ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá jẹ̀.

Wọ́n ní òfin tiwọn pẹ̀lú. Láti inú òfin ọdún 2004 ni fífi agbo ajá lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti di èèwọ̀ ní England, àmọ́ ẹni tó níwèé ìbọn, tí onílẹ̀ sì yọ̀ǹda fún, lè yìn ín. Àwọn tó ń sin àgùntàn ló sábà máa ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí àgùntàn tó bẹ̀rẹ̀ sí bímọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ̀ sí Ìgbátòrò. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pupa inú fídíò yẹn kì í gbé igbó Àkúrẹ́. Èyí tó ń pa yín ládìẹ, mi ò tíì mọ̀ ọ́n, torí ẹ ò sọ bó ṣe ń pa wọ́n. Ẹ jọ eérú ààrò yín, ẹ wọ́n ọn yí ilé adìẹ ká nírọ̀lẹ́, kó fẹ̀ tó ìgbésẹ̀ kan. Láàárọ̀, kí adìẹ tó jáde, ẹ lọ wò ó. Ojú ẹsẹ̀ tí èékánná rẹ̀ hàn, tó tó ti ajá kékeré: ó lè jẹ́ ẹtà. Ó sì lè jẹ́ ajá àdúgbò; bó bá jẹ́ òun ni, ẹ lọ bá olówó rẹ̀. Ẹsẹ̀ tíntín tí èékánná kò hàn, tó gba orí igi dé òrùlé: ológbò igbó ni, èyí tó ní àmì dúdú lára, tí ìrù rẹ̀ gùn; òun ló lè pa ju èyí tó máa jẹ lọ. Ẹyin tó pòórá tòun ti èèpo, ẹ wá ejò. Ọmọ adìẹ tó bá lọ lọ́sàn-án, ẹ gbójú sókè, àṣá ni. Bó bá sì jẹ́ ojú bàtà lẹ rí, ẹ̀yin ìyá mi, fèrè ò ní ṣe é.

Ká tiẹ̀ ní ẹtà ni. Ẹtà ń jẹ èso, ó ń jẹ eku, ó ń jẹ kòkòrò, kódà ó ń jẹ ọ̀kùn tí ọ̀pọ̀ ẹran kì í fẹnu kàn. Igbe ehoro lè mú un wá, ó sì lè má kà á sí. Àmọ́ ẹ rò ó wò: fèrè kì í lé ẹran, ńṣe ló ń pè é. Èyí tó wà ní òdìkejì odò, tí kò mọ̀ rárá pé ẹ ń sin adìẹ, ẹ ti ránṣẹ́ sí i nìyẹn. Òyìnbó inú fídíò gbé ìbọn, ó ní awò tó ń ríran lóru, pápá ibẹ̀ sì tẹ́ lọ salalu. Oko kòkó ló yí ẹ̀yin ká.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé kì í ṣe ẹran nìkan ló ń gbọ́. Ọdẹ tó dé tọ́ọ̀ṣì sórí, tó ti ń rìn bọ̀ láti ìhà Ọ̀dà láti àṣálẹ́, bó bá gbọ́ igbe ẹran nínú igbó, ìbọn ló máa kọ́kọ́ gbé. Àwọn bàbá wa tó ń fẹnu pe ẹran mọ èyí. Wọ́n á fẹ̀yìn ti igi ńlá, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á sì ti mọ ìhà tí wọ́n gbà kí wọ́n tó la ẹnu. Ta ni ọkọ yín máa sọ fún? Ẹ tún fi ti Àmọ̀tẹ́kùn kún un. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti ń wọ igbó ìpínlẹ̀ wa kiri nítorí ajínigbé àti darandaran tó ń ba oko jẹ́. Ẹni tí wọ́n bá bá ní ìdọ̀bálẹ̀ nínú igbó lóru, tòun ti ìbọn àti ẹ̀rọ tó ń ké, àlàyé rẹ̀ á pọ̀, bí wọ́n bá dúró gbọ́ ọ.

Nẹ́ẹ̀tì wáyà tó le ni kẹ́ ẹ rà, èyí tí ìka méjì kò lè gba ojú rẹ̀ kọjá. Ẹ gbẹ́lẹ̀ yí ilé adìẹ ká ní ẹsẹ̀ bàtà 1, ẹ ri etí nẹ́ẹ̀tì náà mọ́bẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ síta, kí ẹran tó bá ń walẹ̀ lè bá a pàdé. Ẹ dí àlàfo abẹ́ òrùlé. Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ kó oúnjẹ adìẹ tó bá ṣẹ́ kù kúrò nírọ̀lẹ́, torí oúnjẹ ló ń fa eku, eku ló ń fa ejò àti ẹtà. Ní ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa kò jẹ́ ká gbádùn yìí, eku nìkan ti tó ìdí.

Bí àbúrò yín bá ti fi fèrè ránṣẹ́ ná, ẹ fún àwọn ọmọ.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá bàbá mi ní Bọ́lọ́runduró máa ń di imú pe ẹtu. Mo dán an wò lóko wa, nǹkan kan ò wá. Ṣé oògùn ni wọ́n ń lò sí i ni? — Ọmọ Ọdẹ, Oǹdó

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, imú lásán ni. Fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún ihò imú rẹ, gbé ohùn gba ibẹ̀, kó jẹ́ igbe tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wálẹ̀ níparí. Ké ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kó o sì dákẹ́ pẹ́. Ìdákẹ́ yẹn lẹ̀yin ọ̀dọ́ ò lè ṣe. Àwọn ọdẹ inú igbó Kóńgò náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀, torí abiyamọ tó rò pé ọmọ òun ló ń ké lè sáré bọ́ síwájú ìbọn. Ní ti pé nǹkan kan ò wá, àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ pé kò sí ẹtu mọ́ níbẹ̀. Oko kòkó ti gba igbó tí bàbá bàbá rẹ mọ̀. Má sì torí ìyẹn wọ igbó ọba láìgbàṣẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ajá wa bá ẹran kan jà lóko ní Ọ̀wẹ̀nà. Lẹ́yìn náà ó gé ọmọ mi jẹ lọ́wọ́. Ọgbẹ́ náà kò jìn. Ewé wo ni kí n fi sí i? — Bàbá Ìbejì

ÌDÁHÙN: (Mo ti tẹ̀ wọ́n láago, torí irú èyí kò ṣeé dúró de ìwé ìròyìn, ẹ̀yin yòókù ni mo ń kọ ọ́ fún.) Ẹ má fi ewé kankan sí i. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kẹ́ ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ẹyọ kan. Ẹ gbà á parí. Bí àrùn náà bá ti fara hàn lára èèyàn, kò sí ìtọ́jú mọ́. Ẹ so ajá yẹn mọ́lẹ̀, ẹ má pa á, kí dókítà ẹran lè máa wò ó fún ọjọ́ 10.