Inú Rírun Àárọ̀ Mọ́ńdè

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 6 ni ọmọbìnrin mi. Gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè ló máa ń ní inú ń run òun, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ á le koko ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Bàbá rẹ̀ ní irọ́ ló ń pa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jẹ́ kó jókòó sílé lóṣù yìí. Kí ni kí n ṣe? Ìyá ọmọ kan.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kì í ṣe irọ́. Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, ara á múra láti sá tàbí láti jà, àyà á máa lù, ikùn á sì fún pọ̀. Ọmọ ọdún 6 lè má mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "àyà mi ń já", inú ló mọ̀ tó ń sọ. Ó dáa pé dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá di pé inú rírun ń jí i lóru, tàbí tí ibà, èébì tàbí rírù bá tẹ̀ lé e, ẹ tún padà lọ.

Jíjókòó sílé ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí ẹ bá ti ní kó má lọ mọ́, ara á tù ú lójú ẹsẹ̀, á sì gbà pé sísá ni oògùn ẹ̀rù. Nígbà tí ọjọ́ mìíràn bá mọ́, ẹ̀rù náà á ti le sí i. Ìdí nìyẹn tí Mọ́ńdè, tó tẹ̀ lé ọjọ́ méjì nílé, fi máa ń le ju Fúráìdè lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ wọ́ ọ lọ láìmọ ohun tó ń bẹ̀rù náà kò dáa.

Ẹ wádìí rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí kò sí iléèwé. Ẹ má bi í pé "kí ló ń dẹ́rù bà ẹ́?", ó lè dáhùn pé "kò sí". Ẹ jọ ya iléèwé sórí pépà: ẹnu ọ̀nà, kíláàsì, ibi ìṣeré, ibi ìjẹun, ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kó fi àwọ̀ ewé kun ibi tó fẹ́ràn, kó fi pupa kun ibi tí kò fẹ́ dé. Ẹ má fojú kéré ilé ìgbọ̀nsẹ̀ o: ilẹ̀kùn tí kò ṣeé tì lè mú kí ọmọ máa bẹ̀rù gbogbo iléèwé. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ń fòòró rẹ̀, iléèwé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fòpin sí i. Ẹ má ní kó fara dà á.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣètò ìdágbére tí kò ju ìṣẹ́jú 1 lọ, kó rí bákan náà lójoojúmọ́. Ẹ dì mọ́ ọn, ẹ sọ ìgbà tí ẹ máa padà dé lọ́nà tó máa yé e ("tí ẹ bá ti jẹun ọ̀sán, tí ẹ sì ka ìwé ìtàn tán"), ẹ fà á lé tíṣà lọ́wọ́, kí ẹ sì máa lọ. Ẹ má yọ́ lọ: bó bá wẹ̀yìn tí kò rí yín, á máa ṣọ́ yín láti ọjọ́ náà lọ. Ẹ bẹ tíṣà kó fún un níṣẹ́ kékeré bó bá ṣe ń wọlé, bíi kó pín ìwé. Bí odidi ọjọ́ bá pọ̀ jù fún un, ẹ bá iléèwé ṣàdéhùn wákàtí 2, kí ẹ máa fi wákàtí 1 kún un ní ọjọ́ méjì-mẹ́ta síra.

Ìwọ àti bàbá ẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan: "Mo mọ̀ pé inú ń run ẹ́. O máa lè lọ." Ẹ rí i pé ó ń sun oorun wákàtí 9 sí 12 lálẹ́. Bí nǹkan kò bá yàtọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ẹ ní kí iléèwé so yín mọ́ onímọ̀ ìlera ọpọlọ ọmọdé.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà ni mí. Ọmọ ọdún 5 kan wà ní kíláàsì mi tí kò tíì sọ̀rọ̀ rárá láti oṣù 3 sẹ́yìn. Àwọn òbí rẹ̀ ní bí ẹyẹ ló ń dún nílé. Ṣé agídí ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rù ni, tíṣà wa. Oṣù àkọ́kọ́ ní iléèwé kì í ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n oṣù 3 ti tó kí onímọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ wò ó, kí wọ́n sì yẹ etí rẹ̀ wò. Ẹ má bẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi ẹ̀bùn fà á.

Bí iléèwé bá ti jáde, kí ìyá rẹ̀ bá a ṣeré ní kíláàsì tó ṣófo fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ̀yin ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ máa ṣe iṣẹ́ yín, ẹ má wò ó. Bó bá ń sọ̀rọ̀ lójú yín, ẹ máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Bó bá tún dákẹ́, ìṣísẹ̀ yín ti pọ̀ jù nìyẹn, ẹ padà sẹ́yìn. Bí ẹ bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ rí: "Ilé yìí mà ga o." Ìbéèrè tó kọ́kọ́ yẹ kó tẹ̀ lé e ni "pupa àbí búlúù?", torí mími orí kò lè dáhùn ìyẹn. Kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5 kí ẹ tó tún sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá jáde, ẹ dáhùn bí ẹni pé kò sí ohun tuntun. Àtẹ́wọ́ lè tì í padà sínú. Lẹ́yìn náà ni ìyá á máa fà sẹ́yìn, tí ọ̀rẹ́ kan á wá wọlé. Títí dìgbà yẹn, ẹ fún un ní káàdì tó máa nà sókè bó bá fẹ́ lọ tọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà ń yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n bó bá ti délé, igbe àti ìjà ni.

ÌDÁHÙN: Ó ti kó ara rẹ̀ níjàánu láti àárọ̀ ni. Ẹ fún un lómi àti oúnjẹ, kó sáré kiri fún nǹkan bí ìlàjì wákàtí, ẹ má tíì béèrè nǹkan kan. Bó bá fẹ́ lu àbúrò rẹ̀, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lẹ́, ẹ ní, "Inú ń bí ẹ, mi ò ní jẹ́ kó o lù ú." Ẹ má fi ìwàásù kún un. Ìgbà tó bá ti rọlẹ̀ ni kí ẹ tó bi í pé ta ló bá ṣeré lónìí.